Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Mi Dùn, Èmi sì Kọ Ọ́ Pé Kò Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, irọ́ ni mo pa, bírò ni mo sì fi pa á, lórí ìwé tí ọmọ ọlọ́mọ fi iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún. Mi ò ní dárúkọ ara mi. Ẹni tó bá jẹ́ ará Ṣakí, tó sì mọ tíṣà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó ti fún gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ, kó jọ̀ọ́, kó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, mo níyàwó, mo bímọ, mo kàwé débi pé wọ́n ń pè mí sí ìpàdé àdúgbò láti wá túmọ̀ lẹ́tà ìjọba fún àwọn àgbà... àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, mi ò rí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún èmi náà. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín díẹ̀, ó tọ́ sí mi, lẹ́yìn náà kí ẹ bá mi dá sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Òtu ló ń gbé, òrí ló sì ń ṣe tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí èso emi ń já bọ́, inú igbó ló máa ń wà láti ìdájí, á ṣà á, á sè é, á sá a, á lọ̀ ọ́, á máa pò ó títí òrí á fi léfòó. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, torí igi emi kì í hù sẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni mo kù fún un lọ́mọ. Àwàdà ni òun àti èmi fi ń gbé ayé. Bí mo bá gun máṣìn mi dé Òtu ní Sátidé, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ á ti ní ta ni bàbá arúgbó yìí, ṣé ìyàwó ló ń wá? Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ọmọge kan ń ta òrí ládùúgbò yìí, òun ni mo wá tọrọ. Á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwàdà yìí náà ló dé ibi tí mo wà lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ bí ẹni tó gbààwẹ̀ nínú ọyẹ́, ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà wá pe èmi nìkan sínú yàrá, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ìtọ̀ ṣúgà. Ó fún wa ní oògùn, ó fún wa ní káàdì, ó wá kìlọ̀ fún mi dáadáa pé kí n ṣàlàyé fún Ìyá: ohun tí wọ́n lè jẹ àti èyí tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n má ṣe rìn láìwọ bàtà, egbò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí n tètè gbé wọn wá. Mo ní ó ti yé mi. Tíṣà ni mí, báwo ni kò ṣe ní yé mi?

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń padà lọ sí Òtu, Ìyá bi mí pé kí ni dókítà sọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní: “Ìyá, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín dùn ju ti ẹlòmíràn lọ.” Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn èrò ọkọ̀ yíjú wò wá. Ó ní abájọ tí ẹ̀fọn kì í jẹ́ kí òun gbádùn. Mo ní òun gan-an nìyẹn, kí ó dín ṣúgà inú ògì kù kí èèrà má baà tẹ̀lé e délé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣàlàyé àtọ̀gbẹ fún ìyá tó bí mi nìyẹn. Ó lo oògùn náà tán, ara rẹ̀ sì yá díẹ̀, mi ò ra òmíràn. Káàdì náà, inú àpótí mi ni mo fi í sí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sọ òótọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n Ìyá mi obìnrin, àtọ̀gbẹ ló pa á, ẹsẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi yìí ló ń wẹ ẹsẹ̀ náà fún un ní àràárọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àìsàn yẹn níwájú rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá fi ẹnu mi gbé orúkọ yẹn lé e lórí? Mi ò lè ṣe é. Mo ní tó bá yá, màá sọ. Kò yá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọkùnrin onínṣọ́ránsì dé sí yàrá àwọn olùkọ́ wa, òun àti báàgì rẹ̀. Ìbàdàn ló ti wá. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn àgbà: ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bí àìsàn bá dé, àwọn á gbọ́ ti ilé ìwòsàn. Gbogbo tíṣà tó wà níbẹ̀ ló wá nǹkan ṣe, torí wọ́n gbà pé ikú ni inṣọ́ránsì ń bá èèyàn dúnàádúrà lé lórí. Èmi jókòó tì í kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bi í pé ṣé ilé iṣẹ́ yín wá ń gbàdúrà kí ìyá wa ṣàìsàn ni. Ó ní rárá o, ẹ̀gbọ́n, àdúrà tí àwọn ń gbà kí Ìyá má ṣàìsàn le ju tiyín lọ, torí àwọn ni wọ́n máa sanwó. Bó ṣe rí mi mú nìyẹn. Ẹni tó bá lè dá mi lóhùn, tèmi ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ̀ lé mi dé Òtu. Ó jókòó sórí ẹní níwájú Ìyá, ó ń fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: fìlà, bùbá, agbádá. Fìlà ni ti oògùn àti dókítà nìkan. Bùbá kún un, ó dé orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá dá èèyàn dúró. Agbádá ló bo gbogbo rẹ̀, títí kan iṣẹ́ abẹ àti ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé kí a má ra agbádá bí bùbá bá tó wa, ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ ọjà tirẹ̀ tà. Ìyá ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun ò rí i kí wọ́n dá agbádá fún obìnrin, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí òun. “Ọmọ Ìbàdàn” ló ń pè é. Bó bá ti fẹ́ máa lọ, á bu òrí sínú ike fún un.

Ó wá mú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n, agbádá yìí, fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo àìsàn tí ẹ mọ̀ pé ó ti ṣe wọ́n rí. Kì í ṣe pé àwọn á lé yín padà. Àìsàn yẹn nìkan ni àwọn á yọ sílẹ̀ fún ọdún kan, owó tí ẹ ó máa san á sì lé díẹ̀, tí ọdún yẹn bá ti pé, ó ti wọ abẹ́ agbádá pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó ní: “Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi o, ibi tí èèyàn bá fi pamọ́ ni agbádá ti máa ń ya.” Mo ní ọmọ Ìbàdàn, ìwọ ò mọ̀ pé télọ̀ ni ọ́.

Ọjọ́ tí a kọ fọ́ọ̀mù, àárọ̀ ni. Ó bi Ìyá bóyá àìsàn kankan ń ṣe wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá ní Òkè-Ògùn. Ẹ bi ìyá àgbà lówùúrọ̀, níwájú àlejò, pé kí ló ń ṣe é, ṣé á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sílẹ̀ bí ẹni ka ẹrù ọjà ni? Ìyá ní Alihamudulilahi, àlàáfíà ni, ara òun le koko. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá wá ní: “Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, ọmọ Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ló kàn dùn. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Ó nawọ́ sí mi.

Ọmọkùnrin náà wò mí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní abájọ tí ẹ̀fọn Òtu fi òun sílẹ̀ láti àná tí wọ́n dojú kọ Ìyá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run rí mi, ẹ̀rín tèmi ló lọ sókè jù níbẹ̀. Ó wá na bírò sí mi, pé èmi tí mo mọ̀wé, kí n bá Ìyá kọ ìdáhùn wọn síbi tí wọ́n ti béèrè àìsàn. Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kò sí. Ìyá mi tẹ̀ka, mo sáìn, òun náà sáìn.

Kí ló dé tí mo fi kọ bẹ́ẹ̀? Ṣé torí owó tó máa lé díẹ̀ ni? Ṣé torí mo rò pé ọdún kan ti jìnnà jù ni? Àbí torí mo mọ̀ pé bí mo bá kọ àtọ̀gbẹ, ọmọkùnrin yẹn á kà á sókè, Ìyá á sì gbọ́ orúkọ náà lójú mi? Mo ti bi ara mi títí ó fi sú mi. Gbogbo rẹ̀ ni bóyá... mi ò mọ èyí tó tóbi jù nínú wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ti kọjá láti ọjọ́ yẹn. Ẹ bá mi rò ó. Ká ní òótọ́ ni mo kọ, ọdún kan tí wọ́n ní kí a fi dúró ti pé láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Àtọ̀gbẹ ìyá mi ì bá ti wà lábẹ́ agbádá lónìí láìsí àríyànjiyàn kankan. Èyí ni mò ń fi ìka kà lóròòru.

Torí ẹsẹ̀ ti dé. Nígbà tí èso emi ń já bọ́ lọ́dún yìí, Ìyá tẹ ẹ̀gún nínú igbó, kò wọ bàtà. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wọlé, kò dun òun. Òrí ló ń fi pa á. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ ní Sátidé, a ń ṣe àwàdà ìyàwó wa, ó ń fi ìró bo ẹsẹ̀ fún mi. Òórùn ló tú u fó. Ìgbà tí mo fi ká aṣọ náà sókè, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú bí èédú. Mo gbé e wá sí Ṣakí lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ṣúgà ni, kí a tètè gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, tí a bá tètè lọ, ó lè jẹ́ àwọn ọmọ ìka yẹn nìkan ni wọ́n máa yọ, tí a bá fi falẹ̀, orúnkún ni. Ìyá ní kí ló wí. Mo ní ó ní ìdọ̀tí ló wọ egbò. Mo tún pa irọ́, ẹ̀yin èèyàn. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹnu mi, mo tún pa á.

Mo ránṣẹ́ sí ọmọ Ìbàdàn. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ohun tí a ṣe ra agbádá náà nìyí. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà, èsì sì dé ní Mọ́ńdè. Wọ́n ní irú ẹsẹ̀ báyìí, àìsàn tó fà á kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí ọmọ ìyá náà kọ̀wé, kó sáìn, pé àìsàn náà kò ṣe ìyá rẹ̀ rí kí ó tó kọ fọ́ọ̀mù. Kí ọmọ iṣẹ́ àwọn náà sáìn pé òun béèrè, ohun tí òun sì gbọ́ nìyẹn. Bí ìwé méjèèjì bá ti dé, wọ́n á kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá náà, wọ́n á gba Ìyá wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá wá jẹ́ irọ́, agbádá ti ya nìyẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ọlọ́pàá sì lè dá sí i.

Ọjọ́ Túsìdeè ló mú ìwé náà wá sílé mi. Ó gbé e sórí tábìlì. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá ní: “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn ní Òtu, Ìyá ní ẹ̀jẹ̀ àwọn dùn.” Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo fa abọ́ oúnjẹ náà sún mọ́ ọn. Ó ní: “Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni wọ́n ń sọ.” Ó ń wo ilẹ̀, ó ní: “Ohun tí ẹ bá ní kí n sáìn ni màá sáìn. Mò ń bọ̀ ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.” Ó dìde, ó kí ìyàwó mi, ó lọ. Ẹ ò rí i pé ó ti mọ̀? Ó mọ̀, ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fún ìyekan. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òrí Ìyá mi ni wọ́n fi ń pa ọmọ náà lára.

Ìyàwó mi ní kí n sọ òótọ́, kí a ta oko kaṣú bàbá mi tó wà lọ́nà Ìwéré-Ilé. Ta ló máa ra oko láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ọwọ́ ẹbí ni ilẹ̀ náà wà, bí wọ́n bá pèpàdé, wọ́n á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dé etí Ìyá kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iye kan. Owó oṣù tíṣà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń wọlé. Mo gbìyànjú láti bi ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìwé, mo ṣe é bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní kí onítọ̀hún sáìn kíá, pé ilé iṣẹ́ olówó ni wọ́n, ta ló fẹ́ lọ wá káàdì kiri Ìsẹ́yìn? Mo lọ sílé, mo ṣí àpótí, mo mú káàdì náà lọ sídìí àdògán ìyàwó mi lọ́sàn-án gangan. Mo nà án sí iná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo fà á padà. Orúkọ Ìyá mi ló wà lórí rẹ̀, dókítà ti kọ ọ́ gàdàgbà... Mi ò lè sun ún, mi ò sì lè fi han ẹnikẹ́ni. Irú èèyàn wo ni mo wá jẹ́?

Bí mo bá sáìn, Ìyá á rí bẹ́ẹ̀dì ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọkùnrin yẹn á sì máa gbé ọ̀rùn rẹ̀ kiri bí ẹni gbé ẹyin, torí ìwé ilé ìwòsàn wà ní Ìsẹ́yìn tí mi ò lè lọ sun, kì í ṣe ọwọ́ mi nìkan ni káàdì wà. Bí mi ò bá sáìn, iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣẹ́kù fún un, ẹsẹ̀ Ìyá mi á máa dúdú gòkè títí màá fi rí owó. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ẹni méjèèjì ló gbà mí gbọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ṣẹ̀ mí.

Lánàá, mo wà lọ́dọ̀ Ìyá lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Ó wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó jọ ti ẹ̀gbọ́n òun. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó wá gbójú sókè sí mi. Kí n jẹ́wọ́ nígbà náà, ṣebí ààyè ti ṣí sílẹ̀? Mo ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò lè rẹwà tó èyí láéláé. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò ṣe àwàdà fún un rí kó má rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní kí n bá òun fa aṣọ bo ẹsẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́rú ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Dírẹ́bà kan tó ń lọ Ìbàdàn lọ́la ló máa bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ olótùú. Kí wọ́n tó kà á, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ìwé ìròyìn tó dé ọwọ́ yín, Jímọ̀ á ti kọjá tipẹ́, mo mọ̀. Màá ti sáìn tàbí kí n má sáìn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá a lóhùn náà, ẹ má wò ó pé ó ti bọ́. Bó bá jẹ́ pé mo sáìn, kí ni mo lè ṣe fún ọmọkùnrin yẹn kí ìwé náà má di ẹjọ́ sí i lọ́rùn? Bó bá jẹ́ pé mi ò sáìn, ojú wo ni màá fi sọ fún ìyá mi pé irọ́ mi ló dá a dúró sí Ṣakí? Ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún nínú àwọn méjèèjì? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé àgbà lọ síwájú dókítà rí, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún un... kí ni ẹ sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí n lè mú un dání wọ yàrá Ìyá. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tèmi mọ́.